Ti Ọwọ́ Bọ Ìsàlẹ̀ Òkìtì Kí O Tó Ra Ọjà Orí Fóònù



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń jáde nílé kéú, bàbá kan láti Bẹ́yẹrúnkà dá mi dúró. Ó ní, "Alfa, ọmọ mi fẹ́ ra ìpín ilé-iṣẹ́ lórí fóònù. Mo ní kó má dán an wò. Ṣé haráámù kọ́ ni?"

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní CBEX dojú dé. Wọ́n ti ṣèlérí pé owó èèyàn yóò di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́, pé kọ̀ǹpútà olóye ló ń bá wọn ṣòwò. Nígbà tí owó kò ṣeé gbà mọ́, àwọn kan ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó níbí, wọ́n ń kó ẹrù. SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, ní wọn kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

Síbẹ̀, mo ní, "Bàbá, fóònù kọ́ ni haráámù."

Ọdún 1961 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ káràkátà ìpín ní Èkó. Àwọn alágbàtà a máa ké iye owó síra wọn, ìwé ni ẹni tó rà á yóò gbà. Lọ́dún 1997, CSCS bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ìpín. Lọ́dún 1999, káràkátà náà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí MTN Nigeria ta ìpín fún aráàlú ní oṣù kejìlá ọdún 2021, èèyàn lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpín 20 ló kéré jù, ₦169 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦3,380 péré. Ọmọṣẹ́ télọ̀ ní Bẹẹrẹ lè tu iye yẹn jọ. Ohun tó dà bíi ti olówó nìkan ti dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Oore ni.

Àkọsílẹ̀ pàápàá kì í ṣe àjèjì sí wa. Nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 282, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí á sì wá ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí hádíìsì tó wà nínú Sahih Muslim. Ànábì (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oúnjẹ, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ó bá omi níbẹ̀. Òkè gbẹ, inú tutù. Ó sì kìlọ̀ gidi nípa ẹ̀tàn. Ìyá wo ló máa ra àpò èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba láìwo ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Ojú fóònù ni òkè òkìtì. Owó tó ń pọ̀ sí i lójú fóònù àwọn oní-CBEX gbẹ dáadáa lókè. Omi ló wà nísàlẹ̀.

Báwo la ṣe ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́? Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni mo ń rà gan-an? Bí ẹni tó fẹ́ gba owó yín kò bá lè ṣàlàyé òwò rẹ̀, gharar ni. Ẹ béèrè pé: iṣẹ́ wo ni ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe? Ilé-iṣẹ́ ọtí tàbí ilé ríbà kò di haláálì nítorí pé orí áàpù la ti rà á. Láti 2012 ni Lotus Islamic Index ti wà lórí ọjà wa, tó ń ṣa àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá òfin Ìsìláàmù mu; ìjọba àpapọ̀ náà ti ń ta sukuk láti 2017. Ẹ tún béèrè pé: ta ló ń ṣọ́ wọn? Ẹ yẹ orúkọ wọn wò lọ́dọ̀ SEC kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń rà láàárọ̀, tó ń tà lọ́sàn-án, tí kò mọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, lójú tèmi, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

Ẹ̀yin òbí, bí a bá lé ọmọ kúrò nídìí èyí tó mọ́, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti lọ bá èyí tó dọ̀tí. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ béèrè. Bàbá Bẹ́yẹrúnkà ti ṣèlérí pé òun àti ọmọ òun yóò jọ wá lọ́jọ́ Sátidé.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí haláálì, kí Ó sì là wá lójú. Àmín.