Kí A Tó Dá Kọ̀ǹpútà Lẹ́bi

Kọ̀ǹpútà tí a ń fi ta ilé-ìwé wa lọ́rẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti mọ ibi tí àbùkù rẹ̀ wà. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọmọ ti ń gba àyè rẹ̀ ní yunifásítì.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ nílé, kí ọmọ pa dátà fóònù, kí ó sì fi fóònù náà wo Wi-Fi ilé. Bí ti fóònù bá ṣiṣẹ́, ara kọ̀ǹpútà ni àìsàn wà: bóyá a ti pa Wi-Fi rẹ̀, tàbí pásíwọọ̀dù kò péye. Bí méjèèjì bá kọ̀, kí ó yẹ ẹ̀rọ Wi-Fi wò: ṣé iná wà, ṣé dátà kò tán? Kí ó pa á, kí ó tún un tàn.

Bí ó bá kọ̀ síbẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, Nàìjíríà sì mọ̀ ọ́n lára. Kò sí atúnkọ̀ǹpútà kan ní Akanran tó lè wo irú àrùn yẹn sàn.

Ọmọ tó bá mọ orísun àìsàn kò ní fi owó òbí rẹ̀ ra oògùn tí kò kàn án.