A Ti Kírun Ìṣáì Tán: Kí Ni Fóònù Ṣì Ń Ṣe Lọ́wọ́ Wa?

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá yìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá a dákẹ́. Àwọn ọmọ ń dé ilé-kéwú láàárọ̀, ojú wọn pọ́n bí ti ọdẹ tó ṣọ́ ọjà mọ́jú. Ẹ bi wọ́n, wọn á ní ìwé ni àwọn ń kà. Ìwé kọ́. Fídíò ni.

Ọ̀nà méjì ni àwọn àgbà pín sí lórí ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn kan ní iṣẹ́ Ṣàìtánì ni fóònù, kí a gbà á, kí a fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní ayé ti lajú, kí a jẹ́ kí ọmọ máa wò ó bó ṣe wù ú. Ẹni tó ní kí a fọ́ ọ gbàgbé pé inú fóònù kan náà ni ọmọ ti ń gbọ́ kíké Kùránì láti ẹnu Sheikh Husary, tí ìyá sì ti ń rí ojú ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ní kí a fi í sílẹ̀ gbàgbé pé ọ̀bẹ wúlò nílé ìdáná, síbẹ̀ a kì í fi í fún ọmọdé ṣeré.

Ní 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé ní nǹkan bí 1980 yóò rántí pé bí òru bá dé, wọn a kọ orin orílẹ̀-èdè, tẹlifíṣọ̀n a kógbá sílé. A fẹ́, a kọ̀, a ó lọ sùn. Fóònù kì í kógbá sílé. Ní 2006, ará Amẹ́ríkà kan, Aza Raskin, ṣe ètò tó mú kí ojú-ewé máa yọ sí òmíràn bí ènìyàn ti ń fi ìka fà á, láìlópin. Òun fúnra rẹ̀ ti jáde sọ pé òun kábàámọ̀ rẹ̀. Súrà ní ìparí. Wàláà, bí ọmọ bá ti mọ ohun tó wà lójú rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́. Ohun tí kò ní òpin, àfi kí onílé fi òpin sí i.

Ẹ̀sìn wa sì ti fi òpin náà lélẹ̀. Ó wà nínú hadísì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé Ànábì kò fẹ́ kí a sùn ṣáájú ìrun Ìṣáì, kò sì fẹ́ ìtàkurọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímímọ̀ yọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ àti ti àlejò sílẹ̀ nínú èyí. Ẹ ò rí i pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni! Kì í ṣe pé kí ẹnu dákẹ́ láti àárọ̀. Kí alẹ́ jẹ́ alẹ́ ni, kí a lè jí fún Àsùbáà. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu tí í tán bá ní ààlà, kí ni ká ti wí nípa fídíò tí kì í tán?

Ẹ̀yin òbí, ọ̀dọ̀ yín ni ẹjọ́ pọ̀ sí. Ọmọ ń sọ̀rọ̀, bàbá ń wo WhatsApp, ó ń dáhùn “hẹn, hẹn” láìgbójú sókè. Ìyá ń fi fóònù tan ọmọ jẹun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, kí a má fún un wò rárá. Láti ọdún 2 sí 4, kí ó má ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Àwọn àáfà kan ńkọ́? Wàásí ń lọ lọ́wọ́, fóònù wà lórí itan. Ohun tí àgbà ń ṣe ni ọmọ ń kọ́, kì í ṣe ohun tó ń sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò kórìíra ìgbádùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Salmán, tó sọ fún Abu Dardáì pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Ànábì ní òótọ́ ni Salmán sọ. Ìrun ni Abu Dardáì fẹ́ fi òru náà kí o, kì í ṣe fídíò!

Nítorí náà, ohun tí a ń fẹ́ kò le. Láti Mọ̀gáríbì sí Ìṣáì, kí gbogbo fóònù ilé wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan, kí àkókò náà jẹ́ ti Kùránì, oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ilé. Lẹ́yìn Ìṣáì, ẹni tó bá ní iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ lórí fóònù, kí ó ṣe é ní pálọ̀, kí ó sì ní ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Bí a bá fẹ́ sùn, kí fóònù sun pálọ̀, ti bàbá náà kò gbẹ́yìn; ẹ ra aago tí yóò jí yín. Ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ọmọ wo bọ́ọ̀lù rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ ta ayò pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ mú un lọ kí ìyá àgbà. Ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí kò fi òmíràn dípò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ yóò ti mú un padà.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a fi ọjọ́ ayé wa ṣòfò. Àmín.