Kíka Ohun Tí Ojú Kò Lè Rí

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí ni mole, tí a ó máa pè ní mọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí ìṣirò àwọn baba wa.

Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20 000. Ẹni tí ó ní ọ̀kẹ́ márùn-ún mọ̀ pé ẹyọ 100 000 ni òun ní, kò sì tú àpò láti kà á.

Ọ̀kẹ́ mìíràn ni mọ́ọ̀lù. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 602 214 076 tí òdo 15 tẹ̀ lé. Ní ọdún 1909, Jean Perrin, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá a lábàá pé kí a fi orúkọ Amedeo Avogadro, ará Ítálì, pe iye yìí. Láti ọjọ́ 20 oṣù Èbìbí ọdún 2019 ni gbogbo ayé ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Báwo ni a ṣe ń ka mólékù tí ojú kò rí? Ìwọ̀n ni a fi ń kà á. Ẹgbẹ̀rún hóró àgbàdo àti ẹgbẹ̀rún hóró jéró dọ́gba ní iye, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba ní ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ọ̀lù omi kan wọn gíráàmù 18, ti iyọ̀ wọn 58,5, ti glucose sì wọn 180. Bí omi rẹ bá wọn gíráàmù 90, fi 18 pín in: mọ́ọ̀lù 5 ni, èyí tí í ṣe nǹkan bí mólékù 3 tí òdo 24 tẹ̀ lé.

Ẹ̀mí ọmọ wà nínú ìṣirò yìí. Ìgbẹ́ gbuuru a máa gbẹ omi àti iyọ̀ ara ọmọdé. Nínú ìfun, glucose ni ó ń bá sodium inú iyọ̀ wọlé, omi a sì tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) ṣe fi glucose gíráàmù 13,5 àti iyọ̀ 2,6 sínú SRO fún lítà omi kan. Lójú òṣùwọ̀n, glucose pọ̀ ju iyọ̀ lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ẹ kà á ní mọ́ọ̀lù: glucose jẹ́ 0,075, sodium inú iyọ̀, pẹ̀lú ti èròjà kejì tí ń jẹ́ citrate, jẹ́ nǹkan bí 0,075 pẹ̀lú. Wọ́n dọ́gba!

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ṣúgà kún SRO kí ó lè dùn. Ìwọ̀n omi tí a kọ sára àpò rẹ̀ ni kí ẹ lò: bí omi bá kéré jù, ó lè pa ọmọ lára, bí ó bá pọ̀ jù, agbára rẹ̀ a dínkù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka ohun tí a kọ sára àpò náà fún àwọn ìyá àti ìyá àgbà yín. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.