Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Jiyàn Kó Tó Há Fọ́múlà Sórí

Ní SS1, fọ́múlà ni físíìsì fi ń kí ọ̀pọ̀ ọmọ káàbọ̀. Tíṣà kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, ọmọ dà á kọ, ó há a sórí. Bí ìdánwò bá yí ìbéèrè náà po díẹ̀, ó parí. Láti ọjọ́ náà ni yóò ti máa sọ pé físíìsì kì í ṣe tòun.

Ohun tí ìwé yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Ijoun àti ní gbogbo Yewa North ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ SS1, láìsí fọ́múlà kankan.

Okùn, òkúta, rúlà, ìṣó lórí férémù ilẹ̀kùn àti aago fóònù ti tó. Tíṣà so òkúta kọ́: mítà kan, láti ìdí ìṣó dé àárín òkúta. Kó tó tì í kó máa fì, ó béèrè: bí òkúta bá wúwo ní ìlọ́po méjì, ṣé yóò yára ni àbí yóò falẹ̀? Kálukú kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bá ẹni tó jókòó tì í jiyàn, ní Yorùbá, kódà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ìgbà náà ni wọ́n tó kà á. Àlọ àtàbọ̀ 20 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40. Òkúta ńlá ńkọ́? 40 náà ni! Kí àkókò náà tó lè di 20, ọ̀pọ̀ á ní kí wọ́n gé okùn sí ìdajì; sẹ̀ǹtímítà 25 ló máa ṣe é. Níbí, ọ̀pọ̀ ló jọ ṣì í, kò sì sẹ́ni tó máa fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Irú ẹ̀ ni Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì, bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní 1991, nígbà tó rí i pé àwọn tó ń yanjú ìṣirò líle kò lè dáhùn ìbéèrè kékeré nípa agbára. Ti èdè sì ti pẹ́ nílé: láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lágbedeméjì lọ. Àtúnṣe ò sì ṣàjèjì sí agbègbè yìí. Ayétòrò, ní Yewa North níbí, ni wọ́n gbé Comprehensive High School sí ní 1963, pẹ̀lú ìrànwọ́ Amẹ́ríkà.

Àwọn tíṣà kan á ní sílábọ́ọ̀sì gùn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni WAEC. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkúta tó ń fì yìí wà nínú sílábọ́ọ̀sì náà, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò sì fi kọ àbájáde rẹ̀ lẹ́yìn àríyànjiyàn. Ohun tó kù fún PTA láti rà ni ìdì okùn kan àti rúlà onígi mítà kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan.