Kí Ni Ọyún Inú Egbò?

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kọjá, Ìyá Àlàbá tí ń ta èlùbọ́ nítòsí ilé wa fa ọmọ rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ẹ̀gún gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú ibẹ̀ wú, ọyún sì ń jáde. "Tíṣà," ni ó wí, "ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ti bàjẹ́ o!"

Mo ní, "Ìyá, kò bàjẹ́. Òkú ọmọ-ogun ni ẹ ń wò yẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ṣe mọ̀. Ní ọdún 1882, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan, Élie Metchnikoff, wà ní ìlú Messina ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ará ilé rẹ̀ lọ wo ìran ọ̀bọ. Òun nìkan jókòó ti awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Ó mú ọmọ ẹ̀dá inú òkun kan tí àgbà rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, tí ara ọmọ náà sì mọ́ gaara bí omi, ó fi ẹ̀gún róòsì gún un. (Ẹ̀gún náà ni, bíi ti ọmọ Ìyá Àlàbá!) Kò sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń rìn kiri nínú ara ẹ̀dá náà ti rọ̀gbà yí ẹ̀gún ká. Ní 1908, òun àti Paul Ehrlich ará Jámánì jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Irú wọn ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa. Wọn kò ní ojú. Ohun tí kòkòrò àrùn ń sun jáde, àti èyí tí ẹran ara tí ó farapa fi ń ké gbàjarè, ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, bí ajá ọdẹ ti ń tọ òórùn. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò dẹ̀, omi yóò jò, ìdí nìyẹn tí egbò fi ń wú. Sẹ́ẹ̀lì funfun a há ara rẹ̀ gba àlàfo náà jáde, a gbé kòkòrò mì, a sì pa á sínú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í padà. Òkú wọn àti ti kòkòrò ni ọyún.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí káwọ́ lẹ́rán o. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí í ti ẹnu ènìyàn pa, a máa bá ẹ̀gún wọlé. Oró rẹ̀ bíńtín tó pànìyàn, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ara kì í fi í rí i kọ́ ẹ̀kọ́; ẹni tí ó ṣe é tí ó yè lè tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni í kọ́ ara láti dá oró náà mọ̀ kí ó tó dé.

Mo bi Ìyá Àlàbá bóyá ọmọ náà ti gbà á rí. Kò dáhùn. Ó fi èlùbọ́ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a sì jọ gba ọ̀nà ilé-ìwòsàn lọ.