Ìdí Tí Oníṣègùn Físíótẹ́rápì Fi Ń Padà Di Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí dókítà bá ń kọ́ṣẹ́mọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá, nítorí ọ̀nà tí dókítà ń gbà di àgbà nínú ẹ̀ka tí ó yàn nìyẹn. Ti àwọn oníṣègùn físíótẹ́rápì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, tí í ṣe fífi ìdárayá àti ìfọwọ́tọ́jú dá agbára padà sí ara, ní láti gba oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí ó sábà máa ń gba ọdún 3 lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Bí ó bá ti yege nínú ìdánwò tí ó sì ti gba ìwé àṣẹ, ó ti di oníṣẹ́. Òfin kò fi dandan mú un láti tún kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Síbẹ̀, àwọn kan ń padà lọ. Ó dàbí télọ̀ tí ó ti ṣe fúrídọ́ọ̀mù, tí ó tún wá jókòó sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn kí ó lè mọ kóòtù rán. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà sábà máa ń tó ọdún kan, owó oṣù rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó ti wọṣẹ́ tààrà.

Àwọn kan á ní nítorí oyè akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni. Ìdí yìí kò lágbára tó. Láti ọdún 1985 ni a ti ń fún àwọn oníṣègùn wọ̀nyí ní irú oyè bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá sì ti fi wákàtí 2,000 tọ́jú aláìsàn nínú ẹ̀ka rẹ̀ lè jókòó fún ìdánwò náà láìṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan.

Ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni ojú ọ̀gá. Ìlànà ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà béèrè fún wákàtí 1,500 pẹ̀lú aláìsàn, ó sì pa á láṣẹ pé ó kéré tán, 150 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àgbà iṣẹ́ fi ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà. Ẹ jẹ́ kí á wo aláìsàn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tí ó ń kérora èjìká. Ọ̀dọ́ oníṣègùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í na apá náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá á dá a dúró, á bi í pé: ṣé iṣan ni ó le ni, àbí egungun apá ti ń yẹ̀ kúrò ní ihò rẹ̀, àbí àwọn ará ilé ni ó ń fa apá náà nígbà tí wọ́n bá ń gbé aláìsàn dìde? (Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ṣe èyí, kò sì dára rárá.) Ẹni tí ó dá nìkan ṣiṣẹ́ lè ṣi ọ̀nà fún ọdún púpọ̀, kí aláìsàn má sì mọ̀.

Ní Nàìjíríà, ọdún kan ni akẹ́kọ̀ọ́jáde físíótẹ́rápì ń fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà kí ó tó lọ sìnrú ìlú, ṣùgbọ́n láti ẹ̀ka kan sí èkejì ni ó ń lọ. Ẹyọ ẹ̀ka kan ni ti Amẹ́ríkà dúró lé.

Ẹni tí gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ gba owó tí ó kéré fún ọdún kan. Ilé ìwòsàn tí yóò jèrè ìmọ̀ náà ni ó yẹ kí ó bá a ru nínú ẹrù yìí, yálà nípa fífi kún owó oṣù rẹ̀, tàbí nípa sísan owó wákàtí tí ọ̀gá fi dúró tì í tí kò fi lè rí aláìsàn tirẹ̀.