Ẹni Tó Gbá Bọ́ọ̀lù fún Ọ̀gá, Iṣẹ́ Ló Ṣe

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní ilé iṣẹ́ àti ní gáréèjì, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí! Ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ, a kò sì ní fi bọ̀bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan máa ń sọ pé eré ni bọ́ọ̀lù, pé eré kì í ṣe iṣẹ́. A ní irọ́ ni.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ a dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọn a ṣa àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn yá, wọn a kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí wọn láyà. Bí wọ́n bá borí, ọ̀gá ni yóò gba ife, òun ni yóò ya fọ́tò, ọjà rẹ̀ ni aráàlú yóò máa dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá fi wákàtí méjì ṣe ìgbáradì, wọn a yọ wákàtí méjì nínú owó rẹ̀. Bí ó bá sì fi ẹsẹ̀ ṣẹ́ lórí pápá wa tó le bí àpáta nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ a yí padà. Wọn a ní, "Ta ló ní kó lọ ṣeré?" Ife jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Ṣé ìpín tó tọ́ nìyẹn?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣèjọba lé wa lórí, ilé iṣẹ́ ló ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó lórúkọ: Rélùwéè, Marine, PWD, UAC. Inú wọn ni Teslim Balogun ti jáde, ẹni tí àwọn èèyàn sọ ní "Thunder", ìyẹn Ààrá, nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le tó. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Rélùwéè Èkó. Ní 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ òkun láti ibí lọ sí ìlú Òyìnbó, Teslim sì wà lára wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n na ẹgbẹ́ Marine ti Crosby, lẹ́bàá Liverpool, ní góòlù 5 sí 2 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́.

Ní 1955, Peterborough United gba Teslim. Ní 1956 ó bọ́ sí Queens Park Rangers ní London, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 13 fún wọn, ó sì gbá góòlù 3 wọlé. Nígbà tó padà sílé ó di olùkọ́ni, òun ló kó àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ní Mexico ní 1968, níbi tí wọ́n ti gbá ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Brazil. Ó kú ní oṣù keje ọdún 1972. Ní 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè, ó di 2007 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Orúkọ Teslim Balogun ni wọ́n fi sọ ọ́.

Láti 1972 dé 2007, ọdún 35 ni. A kò bú ẹni tó kọ́ pápá, ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n òkú kì í jókòó wo bọ́ọ̀lù, orúkọ lára ògiri kì í sì í ra oògùn. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń fẹ́ ni kí a ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un nígbà tó wà láàyè, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń pawó fún ẹlòmíràn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ìbéèrè yìí kò ṣeé ṣe, kó lọ gbọ́ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kan tó gùn bí ẹyin, tí wọ́n máa ń gbé sáyà sáré, rugby ni wọ́n ń pè é. Ní apá àríwá ilẹ̀ wọn, awakùsà èédú àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ló ń gbá a. Ọjọ́ Sátidé jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ fún wọn, nítorí náà ẹni tó bá lọ gbá bọ́ọ̀lù ti pàdánù owó ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí wọ́n san owó wákàtí tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́lá tó ń darí eré náà fárígá, wọ́n ní ọmọlúàbí kì í gbowó eré. Ó rọrùn fún ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀! Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ tó lé ní 20 pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Huddersfield, wọ́n ya kúrò, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Ṣílè 6 lóòjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún ẹni tó pàdánù iṣẹ́. Báyìí ni rugby league ṣe bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ló bí i.

Inú eré yẹn ni ọmọ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan ti dìde lẹ́yìn ogun Hitler. Billy Boston ni orúkọ rẹ̀. Atukọ̀ òkun láti Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, Cardiff ni wọ́n ti bí i ní 1934. Wigan san £3,000 láti gbà á ní 1953. Ní 1954 ó bá ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ sí Australia àti New Zealand, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà nígbà 36. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Wigan nígbà 478 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 488. Ṣùgbọ́n ní 1957, nígbà tí ikọ̀ náà fẹ́ gba South Africa kọjá láti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n dá Boston nìkan padà sílé, nítorí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ kò fẹ́ kí dúdú bá funfun ṣeré. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò ní bí Boston kò bá lọ, ẹnikẹ́ni kò ní lọ. Wọ́n gba owó wọn, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ní 2025 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oyè Sir dá a lọ́lá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú rugby league tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ẹni 90 ọdún ni nígbà náà. Ẹ rí i pé owó lè mú òṣìṣẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró tì í.

Wọn yóò ní, "Àwọn agbábọ́ọ̀lù ayé òde òní ti lówó jù." Mélòó ni wọ́n? Àwọn tó wà ní Yúróòpù ni ẹ ń wò. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé iṣẹ́ ní Òkè-Ògùn, aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè ni yóò padà sẹ́nu ẹ̀rọ. Wọn yóò tún ní, "Ó ṣe tán, òun náà fẹ́ràn rẹ̀." Ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń kọrin nídìí òfì, ta ló torí orin rẹ̀ gbé aṣọ òkè lọ lọ́fẹ̀ẹ́? Dírẹ́bà tó fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀, ṣé ẹ̀mí ìfẹ́ ló ń ra epo fún un?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa gbé ka iwájú àwọn agbanisíṣẹ́. Èkíní, kí wákàtí ìgbáradì àti ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ jẹ́ wákàtí iṣẹ́, kí wọ́n san án. Èkejì, kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó wọ jẹ́sì ilé iṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, ìpalára ẹnu iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù yìí, ọ̀gá yóò sá gba ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bà jẹ́ nídìí rẹ̀ má ṣe pàdánù ipò rẹ̀. Kí wọ́n wá iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká fún un.

Bí wọ́n bá gbà, ẹ jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù kí eruku sọ. Bí wọ́n bá kọ̀, kí gbogbo wa fi jẹ́sì náà sílẹ̀ lórí tábìlì wọn lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀gá wọ̀ ọ́, kó lọ gba ife rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹnì kan má sì lọ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.